Fíìmù ni àbí Díjítà? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìlú Wa tí Wọ́n Fẹ́ràn Fọ́tò Yíyà

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráàyè wá, àti fún àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi.)

Ọmọdé kì í dá ọ̀rọ̀ sọ níwájú àgbà kó má tọrọ àyè. Mo tọrọ àyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù yín, yálà Èkó lẹ wà o, tàbí Ìbàdàn, London tàbí Houston, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ kéde pé a fẹ́ dá ẹgbẹ́ fọ́tò sílẹ̀, a ní kì í ṣe fún àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun. Fún àwọn tó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Inú àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ní òkè òkun dùn, wọ́n wá bi wá pé, "Irú kámẹ́rà wo ni ká fi ránṣẹ́ sí yín?" Ìbéèrè kékeré nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n kíá ni àríyànjiyàn ti bẹ́ lórí gúrúùpù. Àwọn kan ní kámẹ́rà fíìmù ni, torí òun ló ń jáde nísinsìnyí láàárín àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó, àti pé fọ́tò rẹ̀ rẹwà. Àwọn mìíràn ní ta ló tún ń lo fíìmù láyé yìí, pé fíìmù ti kú, wọ́n ti sin ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ni ẹ̀ ń fi kámẹ́rà ṣe nígbà tí fóònù wà lápò gbogbo èèyàn.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi díjítà ránṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fọ́tò lọ́wọ́ àwọn tó lo fíìmù, torí ibẹ̀ gan-an ni díjítà ti ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà fún yín.

BÁWO NI ÀWỌN MÉJÈÈJÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn tí fóònù oníkámẹ́rà ti kún ìgboro, ẹ fara balẹ̀. Fíìmù jẹ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi èròjà tó ní fàdákà nínú kùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan èròjà yìí, ó ń yí padà, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí ìyípadà náà àfi ìgbà tí wọ́n bá fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ibi tó funfun lára èèyàn á dúdú, ibi tó dúdú á mọ́lẹ̀. Láti ara nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n ti ń tẹ fọ́tò sórí bébà. Fíìmù tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní 35mm, fọ́tò 24 tàbí 36 ló sì ń gbà. Fíìmù ńlá tí wọ́n ń pè ní 120, tí àwọn onífọ́tò àtijọ́ ń kì sínú kámẹ́rà olójú méjì tí wọ́n máa ń tẹrí ba wò láti òkè, fọ́tò 12 péré ló ń gbà.

Díjítà ò ní fíìmù. Sẹ́ńsọ̀ ló wà níbi tí fíìmù ì bá wà. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà, kámẹ́rà á sì kó nọ́ńbà náà pamọ́ sínú káàdì. Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Steve Sasson, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí èèyàn lè gbé dání ní 1975. Ó wúwo tó kílò 3.6. Àmì tóótòòtó 10,000 péré ló fi ń kó àwòrán jọ, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló sì ń gbà kó tó fi fọ́tò kan ṣoṣo pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò yín ń kó àmì tó mílíọ̀nù 12 jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kodak tó bí ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n tọ́. Ní January 2012, ilé-iṣẹ́ náà sáré lọ sí ilé ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó. Síbẹ̀ fíìmù ò kú o. Wọ́n ṣì ń ṣe fíìmù Kodak ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, Ilford náà sì ń ṣe ti dúdú-àti-funfun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó ní fíìmù ti kú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì ní fíìmù ló yẹ gbogbo ọ̀dọ́, kò tíì ṣírò owó.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Ká ní àbúrò mi kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní kámẹ́rà fíìmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ra fíìmù kan fún un lóṣooṣù. Fọ́tò 36 nínú oṣù kan. Láàárín ọdún kan gbáko, fọ́tò 432 ni. Owó fíìmù wà níbẹ̀, owó fífọ̀ wà níbẹ̀, owó títẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní kámẹ́rà díjítà lè ya 432 yẹn ní ọjọ́ ọdún ìlú nìkan kí oòrùn tó wọ̀, kò ní san kọ́bọ̀ kún un. Káàdì 32GB, bí fọ́tò kan bá gba bíi 8MB, á gba nǹkan bí 4,000.

Ẹ ó ní, "Fọ́tò púpọ̀ kọ́ ni fọ́tò dáadáa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kó tó dára. Ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán, orí aṣọ àkísà ló ti ń kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kì í gbé lèèsì olówó ńlá fún ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fíìmù ni lèèsì yẹn. Díjítà ni àkísà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí o bá fi díjítà ya fọ́tò, o rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. O rí i pé ojú ìyá àgbà ṣókùnkùn, o tún un ṣe kí ìyá tó dìde. Pẹ̀lú fíìmù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó rí ohun tí o yà, o sì ti gbàgbé ohun tí o ṣe tó fi dà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà díjítà tún máa ń kọ ọjọ́, àkókò àti gbogbo ìwọ̀n tí o lò sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, bí ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kìkì kí o má gbàgbé láti ṣètò ọjọ́ àti aago inú kámẹ́rà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Fífọ fíìmù pàápàá kì í ṣe eré ọmọdé nínú ooru wa. Kẹ́míkà fíìmù dúdú-àti-funfun, ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n sábà máa ń lò ó, omi wa níhìn-ín sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé á wá yìnyín. Ti aláwọ̀ mèremère, ìwọ̀n 38 ni, kẹ́míkà àkọ́kọ́ á sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bó bá yí kúrò níbẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ á bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe o, àwọn bàbá wa ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí iná ìjọba nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni kí ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ FÍÌMÙ FI JU DÍJÍTÀ LỌ

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù. Ó ní ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni.

Àkọ́kọ́, ó ń kọ́ni ní sùúrù. Ẹni tó mọ̀ pé fọ́tò 36 péré lòun ní, yóò wò kó tó tẹ̀. Á wo ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ yà bóyá wáyà iná ló ń yọ lórí onítọ̀hún bí ìwo. Á dúró de ìgbà tí ọmọ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń lo díjítà kì í dúró, ó máa ń tẹ̀ tatata bí ìbọn, á ní òun yóò ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀ tó bá yá. Ìgbà yẹn kì í yá. Nítorí náà, ẹ̀yin tó máa wọ ẹgbẹ́ fọ́tò wa, òfin kan wà: lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù, ẹ ó gbé díjítà yín jáde, fọ́tò 36 péré lẹ ó yà, ẹ ò sì ní wo ojú kámẹ́rà títí ẹ ó fi padà délé. Ẹ ó rí bí ojú yín á ṣe là.

Ìkejì, fíìmù ń kọ́ni láti ka ìmọ́lẹ̀. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ ní ìlànà kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́: bí oòrùn bá ń ràn gan-an tí kò sí kùrukùru, fi ihò lẹ́ńsì sí f/16, kí o sì fi ìyára kámẹ́rà sí nọ́ńbà tó sún mọ́ ISO fíìmù rẹ jù. Bí fíìmù bá jẹ́ ISO 200, lo 1/250. Ẹni tó bá mọ èyí sórí, kò sí kámẹ́rà tó lè tàn án jẹ. Ó ṣiṣẹ́ lórí díjítà náà.

Ìkẹta ni ti aṣọ wa àti ara wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹ mọ bí òde ìyàwó wa ṣe máa ń rí: àwọn èèyàn dúdú nínú lèèsì funfun, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Iṣẹ́ tó le jù fún kámẹ́rà nìyẹn. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé bàbá ìyàwó lẹ fẹ́ rí, ó kàn ń wá ìmọ́lẹ̀ agbede-méjì ni. Bó bá rí agbádá funfun tó kún ojú rẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú bàbá á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Tí o bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un nítorí ojú bàbá, lórí díjítà, àpá iṣẹ́ inú lèèsì náà á fò lọ, á di funfun gbòò, kò sì sí ohun tí a lè ṣe láti dá a padà. Nẹ́gẹ́tíìfù fíìmù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ́nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ojú àti lèèsì yọ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ "tutù" lójú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé fíìmù fẹ́ràn àwọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi ṣètò àwọ̀, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń pe káàdì náà ní Shirley. Ohun tó bá ti tọ́ lára Shirley ni wọ́n gbà pé ó tọ́ lára gbogbo ayé. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó ṣàròyé pé fíìmù kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun dúdú kan àti èkejì. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Kodak tó gbé káàdì jáde tí obìnrin dúdú wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nítorí náà, yálà fíìmù ni o tàbí díjítà, ìwọ tí o di kámẹ́rà mú lo gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ èèyàn rẹ. Lórí díjítà, lọ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti −, kí o kọ́ ọ. Bó bá sì ṣeé ṣe, mú àwọn èèyàn kúrò nínú oòrùn lọ sábẹ́ igi tàbí lẹ́bàá ilé níbi òjìji. Òjìji ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

OHUN TÓ KÙ LẸ́YÌN TÍ FỌ́TÒ BÁ TI YÁ TÁN

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ẹ bá mi ronú. Bí mo bá ní kí ẹ mú fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí yín àgbà wá lọ́la, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò mú un wá. Ó wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀, tàbí nínú álíbọ́ọ̀mù abẹ́ àga. Bí mo bá ní kí ẹ mú fọ́tò ọdún ìlú wa ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wá ńkọ́? Gbogbo wa la yà á. Ẹgbàágbèje fọ́tò. Níbo ló wà? Fóònù tó wà nínú rẹ̀ ti jábọ́ sómi, tàbí wọ́n ti jí i, tàbí a ti tà á kí a fi owó rẹ̀ kún òmíràn. Díẹ̀ tó kù wà lórí gúrúùpù, nínú àwọn fọ́tò "Ẹ kú àárọ̀ o, Ọlọ́run á ṣe é".

Ẹni tó lo fíìmù kò gbọ́n jù wá lọ. Fíìmù ló fi agídí mú un. Bó fẹ́ bó kọ̀, ó ní láti fọ̀ ọ́, ó ní láti tẹ̀ ẹ́, nẹ́gẹ́tíìfù á sì kù sọ́wọ́ onífọ́tò. Ohun tó ṣeé dì mú ni. Díjítà kò fi agídí mú ẹnikẹ́ni. Bí o kò bá tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ, kò sí ẹni tí yóò bá ọ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere. Ìlú Emai ni wọ́n ti wá, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Ní 1950 ni wọ́n ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ wọn, Brownie D, kámẹ́rà alápòótí lásán tí gbogbo ènìyàn lè lò. Ní 1954 wọ́n di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Láti 1968 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi sún mọ́ 1,000. Wọ́n ń kọ orúkọ irun sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù wọn. Ìgbà tí wọ́n fi máa kú ní 2014, iṣẹ́ náà ti dé àwọn ilé àfihàn ńláńlá ní Yúróòpù. Ká ní wọ́n yà á tí wọn ò tọ́jú rẹ̀, irun tí àwọn ìyá wa dì nígbà yẹn ì bá ti tú lọ pẹ̀lú ìgbà.

Ẹ tún wo ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Lára ohun tó rí ni bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á wá tẹ nẹ́gẹ́tíìfù náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ á fi ọgbọ́n bo ojú ìránpọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó rò pé ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé la bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò pọ̀, ẹ ti gbọ́! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyá ìbejì fẹ́: kì í ṣe fọ́tò tó dán. Fọ́tò tí òun lè gbé sínú ilé, tí òun á máa wò ni. Ìyẹn ni iṣẹ́ fọ́tò láàárín wa. Ẹni tó bá ń ya fọ́tò tí kò sì délé ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

FÍÌMÙ NÁÀ Ń KÚ, TÍ A KÒ BÁ TÈTÈ ṢE NǸKAN

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Nẹ́gẹ́tíìfù kì í ṣe òkúta. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ó ń bu bíi búrẹ́dì, eku àti ikán sì ń jẹ àpótí tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni àwa èèyàn. Bí onífọ́tò àgbà bá kú, tí àwọn ọmọ bá fẹ́ tún ilé ṣe, àpótí nẹ́gẹ́tíìfù wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dà nù. Wọ́n á ní, "Kí la fẹ́ fi ọ̀rá dúdú yìí ṣe?" Ọ̀rá dúdú yẹn ni ìgbéyàwó yín, ìsọmọlórúkọ yín, ìwúyè olóyè yín, òkú àgbà tí ẹ sin.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: kámẹ́rà díjítà ni yóò gba fíìmù là. Bí o bá ní kámẹ́rà díjítà tí lẹ́ńsì rẹ̀ lè sún mọ́ nǹkan kékeré, tí o gbé nẹ́gẹ́tíìfù síwájú ìmọ́lẹ̀ funfun tó rọra ń tàn déédéé, o lè yà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wá yí dúdú rẹ̀ sí funfun lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ogójì ọdún á yọ jáde. Síkánà náà wà fún irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, àríyànjiyàn tí a ń jà lórí gúrúùpù, pé èwo ló dára jù, ó ti ń gbà wá lákòókò. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn.

ÌDÁHÙN WA SÍ ÀWỌN ARÁ ÒKÈ ÒKUN

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó bi wá léèrè, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí:

Ẹ fi kámẹ́rà díjítà àlòkù tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì ránṣẹ́. Kò yẹ kó jẹ́ tuntun. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe láti gba títẹ̀ nǹkan bí 100,000. Ẹ fi báàtìrì méjì sí i nítorí iná wa. Bí agbára bá ká a, ẹ fi síkánà tó ń gba nẹ́gẹ́tíìfù kún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kámẹ́rà fíìmù tó ń jókòó lásán, a fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́. Irú Pentax K1000 dára, torí ó ń ṣiṣẹ́ láìsí báàtìrì. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló nílò rẹ̀. Canon AE-1 dára náà, ṣùgbọ́n bí báàtìrì bá kú, kò ní tẹ̀ rárá. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i, ẹ gbé lẹ́ńsì sójú iná, ẹ wò ó bóyá ó ti bu nínú. Bí ẹ bá sì ń gbé fíìmù bọ̀ lọ́kọ̀ òfúrufú, ẹ má kó o sínú àpótí tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún wọn o. Ẹ mú un dání, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní àwọn pápákọ̀ òfúrufú máa ń ba fíìmù jẹ́.

ÌWỌ TÍ O Ń KA ÈYÍ ŃKỌ́?

Bí o ò tilẹ̀ ní kámẹ́rà, ó ní ohun tí o lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Bí o bá fẹ́ fi fọ́tò pàtàkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán. WhatsApp máa ń fún un pọ̀, á sì yọ ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ "Document" sí, kí o mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Bó ṣe wà gan-an ni yóò ṣe dé.

Tọ́jú fọ́tò sí ibi mẹ́ta: orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ, orí háádì dísìkì tàbí fláàṣì, àti ibòmíràn tí kì í ṣe inú ilé rẹ. Kí iná tàbí olè má lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́dọọdún, ṣa fọ́tò mẹ́wàá péré nínú ìdílé rẹ, kí o tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Mẹ́wàá ò pọ̀. Kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti yà á àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù rírọ̀. Má lo báírò, ó máa ń tẹ̀ yọ síwájú. Bí pẹ́ńsù ò bá mú, kọ ọ́ sára àpò ìwé tí o fi fọ́tò náà sí. Fọ́tò tí kò lórúkọ, lẹ́yìn ìran kan, àlejò ni nínú ilé.

Bí nẹ́gẹ́tíìfù bá wà nílé yín, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi omi nù ún. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ kó o kúrò nínú ọ̀rá, ẹ fi sínú bébà, ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ. Kí ẹ pè wá. A kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. A óò yà á, a óò dá a padà, ẹ̀dà tiyín á sì dé ọwọ́ yín. Fọ́tò tí ìdílé kò bá fẹ́ kí a gbé síta, a kò ní gbé e síta.

Ní ìparí, mo bẹ ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ lè ya nẹ́gẹ́tíìfù o, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ọkọ ta ni yìí, pé ta ni ó wọ sányán, pé ilé tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n wó kí wọ́n tó kọ́ ọjà. Síkánà ò lè sọ ìyẹn fún wa, íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ ọ́n. Tí a bá gbé fọ́tò wá bá yín, ẹ má bínú pé ọmọdé ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ bá wa wò ó, ẹ dárúkọ wọn, àwa á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é nígbà tí ẹ wà pẹ̀lú wa, nínú ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà.

Ìlú wa á máa dára sí i. Orúkọ àwọn tó lọ kò ní parẹ́.

Alákòóso, Ẹ̀ka Ọ̀dọ́